Nọ́ọ̀tì Kékeré Inú Hẹlikópítà

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rí: ohun tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́.

Bí nọ́ọ̀tì tí ó de ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń tú ní Ṣàngó, ní ìlú Ìbàdàn, ọkọ̀ a máa gbọ̀n, awakọ̀ a sì fura. Yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, yóò sì pe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n òfurufú kò ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ lè yà sí.

Hẹlikópítà kò ní apá gbọọrọ bí ọkọ̀ òfurufú yòókù. Abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ń yí lórí rẹ̀ ni ó ń gbé e sókè, òun náà ni a sì fi ń darí rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú, abẹ̀bẹ̀ a tẹ̀ síwájú, ọkọ̀ a sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ ọwọ́ awakọ̀ kò kan abẹ̀bẹ̀ náà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ alágbára tí ń tẹ abẹ̀bẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni a fi de orí irin wọ̀nyí, kí ó má baà tú kúrò lára wọn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògọ́sìtì, ọdún 2015, hẹlikópítà Sikorsky S-76 kan gbé ènìyàn 12 bọ̀ wá sí Èkó láti ibi tí a ti ń wa epo nínú òkun. Ó já sínú ọ̀sà ní Ọ̀wọ́rọ̀nṣòkí. Ènìyàn 6 kú, 6 sì yè. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú àfọ́kù rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú irin ìdarí ti yọ kúrò lára orí rẹ̀. A tún yẹ irú ọkọ̀ kan náà mìíràn wò, nọ́ọ̀tì irú irin bẹ́ẹ̀ sì ti dẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ wò, kí a sì fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tì dé ara irin. Bí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀, ìlà náà yóò já sí méjì, ẹni tí ó bá wò ó yóò sì mọ̀.

Ọ̀dà kò lè de nọ́ọ̀tì. Ẹ̀rí lásán ni ó ń jẹ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àṣà nínú iṣẹ́ yìí pé bí ẹnìkan bá de irin ìdarí tán, ẹlòmíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ilẹ̀ ni ó ń dá ẹ̀mí àwọn tí ń fò sí.