Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ: Ohun tí àwọn ọmọ lè rí nínú igbó Lẹ́kí, àti ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fún ọ̀bọ lóúnjẹ

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti lọ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní oṣù Keje, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ní Ìpọ̀nrí, Sùúrùlérè, Yábàá àti Mushin: ibo la fẹ́ gbé àwọn ọmọ yìí lọ? Tẹlifíṣọ̀n ti sú wọn, fóònù kò sì dáa fún ojú wọn láti àárọ̀ di alẹ́. Ọgbà Lekki Conservation Centre wà lára ibi tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀, afárá gíga yẹn nìkan ni wọ́n bá lọ. Wọ́n á rìn ín, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Wọn kì í wo igbó náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ti kìnnìún mọ́nú àgò irin. Ilé àwọn ẹranko ni, èèyàn ló jẹ́ àlejò níbẹ̀.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980, ló dá ọgbà náà sílẹ̀ ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí hẹ́kítà kò bá yé, ó ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà náà, ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kò tíì rí bó ṣe rí lónìí. Ẹ wo ibẹ̀ báyìí: ẹ́sítéètì lápá ọ̀tún, ilé ìtajà ńlá lápá òsì, ilé epo, báńkì. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, iyanrìn ni wọ́n fi dí i kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí. Igbó yìí ló ṣẹ́kù láàárín wọn bí erékùṣù. Ẹranko tó bá jáde níbẹ̀ kò ní igbó mìíràn nítòsí tó lè sá wọ̀. Ọkọ̀ tàbí ajá ọlọ́gbà ló máa pàdé.

Àsìkò ìsinmi yìí dáa láti lọ, àwọn tó ń bẹ̀rù òjò kàn ń tan ara wọn ni. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń rọ̀ jù ní Èkó. Tó bá ti ń di ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, á dẹwọ́ díẹ̀, èyí tí ará Èkó ń pè ní August break, kó tó tún padà ní oṣù Kẹsàn-án. Láàárín àkókò yẹn, omi ṣì kún inú àbàtà, ewé tutù yọ̀yọ̀, kòkòrò pọ̀, ìgbín ń rìn, àkèré ń ké, oòrùn kò sì mú bíi ti oṣù Kejì. Ọ̀nà pátákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà náà ni àlejò máa ń gbà, ẹsẹ̀ kò ní kan omi.

Tí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ rí lékeléke, ẹ má ṣèlérí fún un. Lékeléke kì í pọ̀ létí òkun nígbà òjò. Bí òjò bá ti wọlé, púpọ̀ nínú wọn máa ń gba ìhà àríwá lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n tún ń padà sọ́dọ̀ wa. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù náà kò tíì dé nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ga wà. Ẹyẹ aláriwo yìí, tí Yorùbá fi ń júwe ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, máa ń hun ìtẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀pẹ, ọ̀pọ̀ ìtẹ́ lórí igi kan. Akọ ló ń hun ún. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wá ilé rẹ́ǹtì. Bí ilé náà kò bá wù ú, akọ á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọmọ tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo ẹ̀ga kò ní béèrè fóònù.

Nínú àbàtà, ọ̀nì wà, awọ́nríwọ́n náà wà. Wọ́n kọ́ ibi ìdúró kan tí èèyàn ti lè máa wo omi. Ẹni tó bá ń pariwo kò ní rí nǹkan kan, torí ọ̀nì lè dùbúlẹ̀ sínú omi kó jẹ́ ojú àti imú rẹ̀ nìkan ló yọ síta, á dà bí igi tó jábọ́. Ìgalà àti ẹtu wà nínú igbó náà, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n, òkété sì di alẹ́ kó tó jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹ ó rí jù, àti ìjàpá. Ó yẹ kí ọmọ tó ti ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá láti kékeré rí i bó ṣe ń jẹ ewé jẹ́jẹ́.

Ẹranko tí gbogbo èèyàn ń wá ni ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní mona. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ìlú rẹ̀, láti Gánà títí dé Kamẹrúùnù. Ó tún wà ní erékùṣù Grenada ní òkun Caribbean títí di òní, nítorí àwọn ọkọ̀ òkun ìgbà òwò ẹrú gbé e lọ síbẹ̀. Agbo ni wọ́n ń gbé, ọ̀sán ni wọ́n ń jáde. Èso, ewé àti kòkòrò ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ní àpò nínú. Bí wọ́n bá rí èso, wọ́n á yára kó o sínú àpò yẹn, wọ́n á lọ jókòó sí ibòmíràn jẹ ẹ́, wọ́n á sì tu kóró rẹ̀ dà nù. Ibi tí kóró bá bọ́ sí, igi lè hù níbẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láìgba owó.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá nìyí o. Àlejò á dé pẹ̀lú gálà, bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, á na ọwọ́ sí ọ̀bọ, gbogbo ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ tó bá ti gbà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dúró de ẹni tó ń fún un mọ́. Á máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé, á máa tú báàgì. Tó bá wá di ọjọ́ tí àlejò kò pọ̀, á fo ọgbà wọ ẹ́sítéètì tó wà nítòsí, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín sí i. Òkúta, ajá tàbí ìbọn ló máa pàdé níbẹ̀. Ẹni tó fún un ní bisikíìtì ti padà sí Sùúrùlérè nígbà yẹn, kò mọ ohun tó fà. Àjọ IUCN tó ń ṣírò ẹranko àgbáyé ti kọ mona sára àwọn tó ń sún mọ́ ewu, nítorí àwọn ọdẹ àti igbó tó ń tán. Yorùbá ní ẹ̀tọ́ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ ilé tó bí ìbejì kì í fẹnu kan ẹran ẹdun.

Ewu wà fún èèyàn náà. Òtútù àyà àti àwọn àrùn mìíràn lè ràn láti ara èèyàn sí ọ̀bọ, ó sì lè ràn padà. Bí ọ̀bọ bá bu ọmọ jẹ tàbí ó ha á léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo tàbí àgbo ra á kí ẹ wá jókòó sílé. Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe eré.

Ọmọ Mainland kò nílò kó dé Lẹ́kí kó tó rí mona. Wọ́n ń gbé ní ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọka, níbi tí igbó díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù létí ọ̀sà. Ohun kan náà ló kan ẹni tó bá lọ síbẹ̀: ẹ wò wọ́n, ẹ má bọ́ wọn.

Ní ti afárá, ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, èyí tó fi ju ti Kakum ní Gánà, tó jẹ́ mítà 350, lọ. Ibi tó ga jù níbẹ̀ tó mítà 22 àti ààbọ̀. Ó máa ń mì bí èèyàn ṣe ń rìn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Orí rẹ̀ ni èèyàn ti ń wo òkè igi bí ẹyẹ ṣe ń wò ó. Ẹni tí ibi gíga ń kọ́ lóòyì, kó gba ọ̀nà pátákó nísàlẹ̀, kó sì dúró de àwọn yòókù níbi tí wọ́n ti ń ta lúdò ńlá. Kí ẹ tó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ béèrè bóyá ti afárá wà nínú rẹ̀.

Láti Ìpọ̀nrí, ẹ bọ́ sí Western Avenue, tó ń jẹ́ Funsho Williams báyìí, kí ẹ wọ ọkọ̀ CMS tàbí Ọbáléndé. Níbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ Ajah, kí ẹ sì tètè ké sí kọ̀ńdọ́ pé “Chevron, ó wà o!” Ọgbà náà dojú kọ ọ́fíìsì Chevron. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí àwọn ọmọ wọ̀, torí pátákó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ mú omi dání àti aṣọ òjò, kí ẹ kó oúnjẹ sí ìsàlẹ̀ báàgì tó ní síìpù. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kó tó di agogo mẹ́ta, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí má bàa ká yín mọ́.