Kí Ẹ Tó Ra Rẹ́díétọ̀ Tuntun fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Ìwọ̀nba Peugeot 504 àti Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì: 504 ní rẹ́díétọ̀, Ìjàpá kò ní. Omi ló ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì 504, afẹ́fẹ́ ló ń tu ti Ìjàpá lára. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ló ní fáànù, bí bẹ́ẹ̀tì tó ń yí fáànù Ìjàpá bá sì já, kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì náà yóò fi gbóná kọjá ààlà. Ẹ̀rí nìyí pé alárù lásán ni omi. Ó ń ru ooru dé iwájú ọkọ̀ ni, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi dì í mú pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni rẹ́díétọ̀ àti fáànù jọ ń ṣe. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan láìyẹ èkejì wò lè náwó tán kí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì máa hó.

Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, ohun tí etí ẹni máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí onítọ̀hún lọ ra rẹ́díétọ̀. Àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná ló máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré geere lójú títì márosẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú rẹ̀ wọlé tó rẹ́díétọ̀ lò, fáànù kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Bó bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, afẹ́fẹ́ yẹn dáwọ́ dúró, ó ku fáànù nìkan. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ, tó sì ń rọlẹ̀ tó bá rí ọ̀nà sáré, fáànù rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó ń gbóná lórí eré tàbí nígbà tó bá ń gun òkè, ó ṣeé ṣe kí rẹ́díétọ̀ rẹ̀ ti dí. Ọ̀pọ̀ Peugeot 504 ló ní fáànù tí mágnẹ́ẹ̀tì máa ń gbá mú tí omi bá gbóná, tó sì máa ń jọ̀wọ́ rẹ̀ tó bá tutù. Bí iná ò bá dé ìdí mágnẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́, fáànù á kàn máa yí ṣáá ni, kò ní lágbára. Kò sí rẹ́díétọ̀ tuntun tó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bó bá wá dájú pé rẹ́díétọ̀ ló dí, kì í ṣe dandan kí a ra tuntun. Bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ rẹ́díétọ̀ ayé àtijọ́, oníṣẹ́ rẹ́díétọ̀ lè fi òjé lẹ ibi tó ń jò, tàbí kó pààrọ̀ afárá inú rẹ̀ kó sì dá àgbá òkè àti tìsàlẹ̀ padà. Alumíníọ̀mù olórí ike fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bí ike yẹn bá sán, òjé ò ràn án. Èyíkéyìí tí a bá mú, ọwọ́ tí a fi dè é ló máa sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Rọ́bà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jókòó lé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí jìgìjìgì ọkọ̀ má baà fà á ya. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ki okùn ike gba inú afárá kọjá láti fi so fáànù, torí díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ha ojú ọ̀nà omi títí yóò fi lu. Ìbòrí tó yí fáànù ká, tí ọ̀pọ̀ ń yọ dànù, òun ló ń jẹ́ kí fáànù fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rẹ́díétọ̀. Láìsí i, ibi tí fáànù kọjú sí nìkan ló máa tutù. Bó bá jẹ́ fáànù oníná ni, kí rẹwáyà fún un ní rìlé àti fíúsì tirẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ́díétọ̀, ẹ na bébà kan sí iwájú nígbà tó bá ń yí: bí bébà bá lẹ̀ mọ́ rẹ́díétọ̀, ó ń fà bó ṣe yẹ, bó bá ń fẹ́ bébà kúrò, wọ́n ti gbé wáyà rẹ̀ sódì.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù, pé àwọn òyìnbó tó ń gbé nínú òtútù ni thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rẹ́díétọ̀ títí yóò fi gbóná, wà fún, kí wọ́n yọ ọ́ sọnù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò dúró. Oòrùn wa tó mú jù kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ thermostat kì í sábà ṣí títí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí 80. Ẹ́ńjìnnì tí kò yá dé ibi tó yẹ ń jẹ epo, ara rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, yíyọ ọ́ tilẹ̀ ń jẹ́ kí omi gbígbóná gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rẹ́díétọ̀. Àwọn mìíràn á ní omi kànga tó, owó coolant ti pọ̀ jù. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Tí omi lásán bá ń pẹ́ láàárín irin méjèèjì, ìpẹtà ni yóò bí, rẹ́díétọ̀ tuntun yẹn náà ni ìpẹtà ọ̀hún yóò lọ dí. Ẹ má sì fojú di ọmọrí rẹ́díétọ̀. Agbára tó fi ń há omi mọ́ ni kì í jẹ́ kó tètè hó: omi tó ń hó ní 100 nínú ìkòkò lásán lè dé nǹkan bí 120 kó tó hó bí ọmọrí bá lè mú bárì kan ró. Owó ọmọrí kò tó nǹkan, síbẹ̀ èyí tó ti rọ lè sọ rẹ́díétọ̀ tuntun di aláìwúlò.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti àwọn tó sọ pé fífi fáànù oníná rọ́pò ti àtijọ́ ń ba ojúlówó ọkọ̀ jẹ́. Wọ́n ní ìdí. Àmọ́ kò pọn dandan kí a dá ihò kankan sí ara ọkọ̀ láti dè é; a lè fi fáànù àtijọ́ pamọ́, kí a dá a padà lọ́jọ́ tó bá wù wá. Orí ẹ́ńjìnnì tí ooru bá ti ká kò ṣeé dá padà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú ọkọ̀ wọ̀nyí, kí ẹ tó yọ owó, ẹ wo ìgbà tó ń gbóná, ẹ wo fáànù, ẹ wo ọmọrí, kí ẹ tó wo rẹ́díétọ̀. Ẹ má sì ṣí ọmọrí rẹ̀ láé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná.