Ọmọ Ajá Tí Ó Kéré Jọjọ Nínú Ilé Tí Kò Sí Alámòójútó

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ajá, ni a fi ń pe ẹranko tí a bí ní àárọ̀ òní tí kò tíì lajú, èyí tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń mu ọmú, àti èyí tí a ti gbé kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pátápátá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ sábà máa ń jọ wo ẹranko náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń kọ ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, tàbí tí a bá ń túmọ̀ rẹ̀ láti èdè mìíràn, ọ̀rọ̀ kan yìí lè ṣekú pa ẹranko. Bí ìwé bá wí pé a lè fi ọmọ ajá sílẹ̀ nínú ilé fún wákàtí 3, òtítọ́ lè wà nínú rẹ̀ fún èyí tí ó ti pé oṣù 3. Ní ti ọmọ ọjọ́ 5, ikú ni ìmọ̀ràn náà.

Ìpele mẹ́ta ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé yà sọ́tọ̀, Yorùbá kò sì ṣe aláìní ohun tí yóò fi yà wọ́n. Ọmọ ajá àìlajú ni èyí tí ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Láàrin ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn ìbí ni ojú náà máa ń là, ihò etí a sì tẹ̀ lé e. Ọmọ ajá ẹnu-ọmú ni èyí tí ó ti lajú ṣùgbọ́n tí wàrà ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ tàbí apá kan nínú rẹ̀. Ìpele yìí a máa lọ títí di ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 8. Ìkẹta ni ọmọ ajá tí a ti já lẹ́nu ọmú. Orúkọ ìkẹta yìí gùn, àwọn kan yóò sì fẹ́ gé e kúrú, ṣùgbọ́n gbólóhùn gígùn tí gbogbo olùsìn ẹran gbọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí kò yé ẹnikẹ́ni lọ.

Òtútù ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ọmọ ajá àìlajú. Ara ajá àgbà a máa móoru tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà ju 35 sí 37 lọ. Kò tíì lè gbọ̀n láti fi mú ara rẹ̀ móoru. Ooru ara ìyá rẹ̀ àti ti àwọn tí a jọ bí wọn ni ó fi ń gbé, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi máa ń gun ara wọn bí òkìtì. Bí ara rẹ̀ bá tutù jù, ìfun rẹ̀ kò ní lè da wàrà mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sáré fún ọmọ ajá tí ó ti tutù ní oúnjẹ ń fi ìpalára kún ìpalára ni. A níláti kọ́kọ́ mú un móoru díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó yẹ kí ibi tí ó sùn sí móoru tó ìwọ̀n 29 sí 32. Ọ̀sán Ìbàdàn tàbí ti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fúnni ní èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Òru ọyẹ́ kò jẹ́ fúnni. Bí a bá lo ìgò omi gbígbóná, kí a fi aṣọ wé e, kí ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan péré nínú ibùsùn náà, kí ẹranko tí ooru bá mú lè rí ibi fà sẹ́yìn sí.

Bí ìyá bá wà pẹ̀lú wọn, iṣẹ́ alámòójútó kò ju pé kí ó pèsè oúnjẹ àti omi fún ìyá, kí ó sì rí i pé àpótí tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ga tó láti dá ọmọ dúró, ṣùgbọ́n tí kò ga jù fún ìyá láti jáde kí ó sì padà. Bí ìyá bá kú ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ajá kò lè tọ̀ tàbí kí ó yàgbẹ́ fúnra rẹ̀; ìyá ní ń fi ahọ́n lá a kí ó tó lè ṣe é, ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ ìyá ṣe níláti fi aṣọ rírẹ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún bákan náà. Oúnjẹ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 2 sí 3 síra wọn, tọ̀sán-tòru. Irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ rárá.

Ti ẹnu-ọmú kò gba àlàyé púpọ̀: ààbò rẹ̀ ni kí a má tètè yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Èyí tí a ti já lẹ́nu ọmú ni ó máa ń bá ara rẹ̀ nínú ilé òfo, nítorí pé ìgbà náà ni a máa ń rà á tàbí tí a máa ń fi í tọrẹ. Ní agbo ilé àtijọ́, kì í ṣòro fún un. Bí àwọn kan bá lọ sí oko, àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé yóò wà nílé. Nínú ilé tí tọkọtaya ń ti ìlẹ̀kùn pa láti agogo 7 òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀ràn náà yàtọ̀, pàápàá fún àwọn ẹ̀yà ajá tí wọn kì í tóbi. Nínú ìlànà American Kennel Club, Chihuahua, tí ó ti Mẹ́síkò wá, kò gbọdọ̀ wọ̀n ju pọ́n-ùn 6 lọ bí ó bá dàgbà tán, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kílò 2.7, pọ́n-ùn 7 ni ti Yorkshire Terrier. Ọmọ oṣù 2 nínú wọn lè má tó kílò kan.

Ẹranko tí ó kéré tó báyìí kò ní ibi tí yóò kó agbára pamọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kéré, ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń gba glúkóòsì láìdúró. Bí wákàtí mélòó kan bá kọjá tí kò jẹun, tàbí bí òtútù tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò já wálẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni gìrì lè mú un, kí ó dákú, kí ó sì kú.

Orúkọ tí olùtumọ̀ yóò fún ìṣòro yìí ni ó gba ìṣọ́ra jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ó bá pè é ní àrùn ṣúgà, àtọ̀gbẹ ni yóò wá sí ọkàn ẹni tí ń kà á, ohun tí gbogbo ayé sì mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ ni pé kí a mú ṣúgà jìnnà sí aláìsàn. Olówó ajá náà yóò wá fi ohun tí ìbá gbà á là dù ú. Àìtó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ó tọ́ kí a máa kọ, kí a má sì jẹ́ kí "àìtó" já bọ́ nínú rẹ̀ láéláé, ì báà jẹ́ nínú àkọlé tàbí nínú àtẹ. Ọ̀rọ̀ gìrì pàápàá ní ewu tirẹ̀. Ó tọ̀nà láti fi ṣàpèjúwe ohun tí ojú rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á bí orúkọ àrùn lè lọ gbé àgbo gìrì tí àwọn kan ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àlùbọ́sà pò. Àgbo náà kò dára fún ọmọ ènìyàn. Ní ti ajá, májèlé ni tábà àti àlùbọ́sà jẹ́ fún un.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ni kí a fi oyin tàbí omi ṣúgà díẹ̀ pa èrìgì rẹ̀ lábẹ́ ètè, kí a fi aṣọ wé e kí ó móoru, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ dàbí ẹni pé ó ti sàn. A kò gbọdọ̀ da nǹkan sí ọ̀nà ọ̀fun ẹranko tí ó dákú, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ ki ìka bọ ẹnu èyí tí gìrì ń mú. Bí ajá tí a kò mọ̀ bá ti bù ú jẹ rí, kí a má fi ọwọ́ kan itọ́ rẹ̀ rárá, nítorí dìgbòlugi. Ọ̀rọ̀ yìí, dìgbòlugi, jẹ́ àpẹẹrẹ orúkọ àrùn tí àwọn baba ńlá ti fi sílẹ̀ tí kò béèrè àtúnṣe.

Níbo ni ó wá yẹ kí iye wákàtí dúró sí? Ìṣirò kan tí àwọn olùtọ́jú ajá ń lò ni pé kí a fi 1 kún iye oṣù tí ọmọ ajá ní. Èyí ni iye wákàtí tí ó lè mú ìtọ̀ mọ́ra, ó pẹ́ tán. Ọmọ oṣù 2 kò ní ju wákàtí 3 lọ. Fún àwọn ẹ̀yà kékeré, oúnjẹ tún le ju ìtọ̀ lọ: títí wọn yóò fi tó nǹkan bí oṣù 4, ó yẹ kí wọ́n máa jẹun ní gbogbo wákàtí 3 sí 4.

Ibi tí a ó fi í sí náà ń wá orúkọ. Àhámọ́ ni àwọn kan ń kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni àhámọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ràn ajá rẹ̀ kò sì ní fẹ́ ṣe é. Ọgbà dára fún àyè tí a fi pákó tàbí irin yí ká láìbò ó lórí. Àgò, tí a ti ń lò fún adìyẹ, dára fún èyí tí a bò. Ọgbà ni ó tọ́ bí a bá fẹ́ jáde fún wákàtí méjì, nítorí pé àyè yóò wà fún ibùsùn ní igun kan àti fún ìtọ̀ ní igun kejì. Àárín irin kan sí èkejì kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀. Kí a bọ́ okùn ọrùn rẹ̀, kí ó má baà fi há. Abọ́ omi kò gbọdọ̀ jìn, kí korobá omi má sì sí nítòsí. Kí a má gbé e sórí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì: Yorùbá ń pe ibi rírọ̀ lórí ọmọ ọwọ́ ní àwùjẹ̀, ọ̀pọ̀ Chihuahua ni ó sì ní irú rẹ̀, ti àwọn mìíràn kì í dí títí wọn yóò fi dàgbà. Ìṣubú tí ajá ọdẹ yóò gbọn ara nù lè pa èyí.

Inú ilé ni ọgbà náà gbọdọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Bí ìjàlọ bá ya wọlé ní àkókò òjò, ẹranko tí ó lè sá yóò sá. Èyí tí a há mọ́ kò ní ibi tí yóò gbà. Ooru náà ń bẹ. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa ní oṣù Ẹrẹ́nà lè borí rẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé fáànù gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná, ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé fún wákàtí mẹ́ta gbáko.

Láti ọ̀sẹ̀ 3 ni eyín ti ń yọ. 28 ni yóò kọ́kọ́ hù, láàrin oṣù 4 sí 7 sì ni 42 ti àgbà yóò rọ́pò wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun gbogbo ni yóò máa rún, wáyà iná pẹ̀lú. Àwọn májèlé inú ilé kì í sì í jọ májèlé. Kòkó ní èròjà tí a ń pè ní tìóbúrómíìnì, èyí tí ara ajá kì í tètè mú kúrò. Gíráàmù kan ìyẹ̀fun kòkó tí a kò bù là lè ní mílígíráàmù 20 rẹ̀ nínú, àmì májèlé sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láti mílígíráàmù 20 sí kílò ara kan. Ohun tí ó kù lórí ṣíbí tó fún ẹranko tí kò tó kílò kan. Obì àbàtà àti gbànja ní káfíìnì tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí náà awẹ́ obì tí ó bọ́ sílẹ̀ níbi ìkómọjáde kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ní ti ohun tí a fi ń pa eku, oògùn eku ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Nínú ìwé tí a kọ fún ààbò, májèlé eku ni kí ó jẹ́, nítorí pé oògùn ṣì ń rán etí sí ìwòsàn.

Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó pé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, kò yẹ kí ó dé ilẹ̀ tí ajá àjèjì ń tẹ̀. Àrùn pafofáírọ́ọ̀sì, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ láàrin ajá ní ọdún 1978, lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, bàtà onílé sì lè gbé e wọlé.

Ìdáwà pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́. Olówó rẹ̀ a jáde fún ìṣẹ́jú 2, a padà. A jáde fún 10, a padà, láìṣe ariwo ìdágbére tàbí ti ìpadàbọ̀, títí ẹranko yóò fi mọ̀ pé àlọ ní àbọ̀. Bí ìrìn àjò bá sì níláti kọjá iye wákàtí tí ọjọ́ orí rẹ̀ gbà, kí a bẹ aládùúgbò láti máa yọjú, kí a sì kọ ohun mẹ́rin sí ìwé fún un: iye tí ọmọ ajá wọ̀n, agogo tí ó jẹun kẹ́yìn, ibi tí dókítà ẹranko wà, àti ibi tí a gbé ìgò oyin sí.