Egungun Tuntun fún Oríkèé Àgbọ̀n: Ìlàlóye fún Aláìsàn àti Ará Ilé Rẹ̀

Kókó kan wà tó máa ń wú ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ láìdunni. Ameloblastoma ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé kò dunni, èèyàn lè máa gbé e lọ ṣe iṣẹ́ ṣíìfù ní iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Sángo fún ọdún mélòó kan. Bí eyín bá ń mì lórí ibi tó wú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ láìya fọ́tò X-ray.

Bí wọ́n bá kàn fá kókó náà, ó sábà máa ń padà hù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé díẹ̀ lára egungun tó yí i ká mọ́ ọn. Bó bá ti dé iwájú etí, oríkèé àgbọ̀n á bá a lọ, àgbọ̀n á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọn kò bá fi nǹkan dípò rẹ̀.

Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú egungun mìíràn. Ẹ má fetí sí àhesọ pé egungun òkú ni wọ́n ń lò. Egungun ìhà ni wọ́n sábà ń lò fún oríkèé, nítorí ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá àyà rọ̀, ó sì ń yọ̀. Bí àlàfo bá gùn, wọ́n lè fi ti ìbàdí kún un. Irin pẹlẹbẹ àti síkúrúù ni yóò dì í mú. Ibi tí wọ́n ti mú egungun lè dunni ju ẹnu lọ, ṣùgbọ́n bí èémí bá ń há, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá.

Wọ́n lè fi wáyà de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ògì nìkan kò tó ẹni tí egungun rẹ̀ ń so: ẹ lọ ẹja àti ẹ̀wà kúnná, kó ṣàn. Kí pláyà tó ń gé wáyà má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹ lè gé e kíá bí èébì bá ń gbé yín. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi wáyà tí ẹ ó gé han ẹni tó ń tọ́jú yín, kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Nígbà tí dókítà bá ní ó yá kí ẹ máa la ẹnu, ẹ to igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ahọ́n léra sáàárín eyín iwájú, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un. Ó máa ń dunni, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tó bá sá fún un lè dì.

Ẹ gba lẹ́tà ní State Hospital, Ọ̀tà, lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Láti ọdún 2022 ni òfin ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Ẹ bi iléeṣẹ́ yín bóyá tiyín kan iṣẹ́ abẹ yìí. Kókó náà lè padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nítorí náà, ẹ má ju káàdì ilé ìwòsàn nù.