Ìyá Tó Ń Rẹ Ọmọ Ọlọ́mọ Lẹ́kún ní Harlem

Ọmọ ọwọ́ kan ló tún sọ Clara Hale di abiyamọ nígbà tó ti pé ẹni ọdún 64. Lọ́dún 1969, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lorraine, ń kọjá lọ ní Harlem, ní ìlú New York, ló bá rí ìyá ọlọ́mọ kan tí oògùn olóró ti kùn, tó ń tòògbé lórí ìjókòó, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń yọ̀ bọ́ lápá rẹ̀. Lorraine yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fún un ní àdírẹ́sì ìyá tirẹ̀ pé kó gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀. Obìnrin náà lọ lóòótọ́.

Ìròyìn kì í pẹ́ tàn láàárín àwọn tí ìyà kan náà ń jẹ. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ọmọ 22 fi kún ilé oníyàrá márùn-ún tí Clara ń gbé. Kí owó ìjọba tó dé, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dáwó jọ nínú owó iṣẹ́ wọn láti fi gbọ́ bùkátà ilé náà. Ọdún tó ṣáájú gan-an ni Clara ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì!

Iṣẹ́ ọmọ títọ́ kò sì ṣàjèjì sí i. Ẹni ọdún 27 ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ń tọ́jú ilé onílé lọ́sàn-án, ó ń gbálẹ̀ ilé sinimá lálẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti máa fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ wọn nínú ilé. Nígbà tó yá, ó gbàwé àṣẹ alágbàtọ́. Bí 40 ọmọ ló gbà tọ́ kó tó sinmi.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tuntun yìí yàtọ̀. Oògùn tí aboyún bá lò máa ń gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ inú. Bí wọ́n bá ti gé ìwọ́ ọmọ, oògùn dáwọ́ dúró lójijì, ara ọmọ yóò sì máa bèèrè rẹ̀. Ọmọ á máa gbọ̀n, igbe rẹ̀ á ha létí, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru, oorun kò ní kùn ún. Ìyá Hale kì í fún wọn ní oògùn kankan. Gbígbé ni: á dì wọ́n mọ́ra, á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, á wẹ̀ wọ́n, á fún wọn lóúnjẹ, á tún gbé wọn. Àwọn tó kéré jù, yàrá tirẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Lónìí, fífi aṣọ dì wọ́n, yàrá tí kò mọ́lẹ̀ jù àti ìdákẹ́jẹ́ wà lára ìtọ́jú tí àwọn dókítà fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó bá le nílò oògùn lábẹ́ ojú dókítà.

Ohun tó wú èèyàn lórí jù lọ ni pé kì í já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, á máa wá wo ọmọ rẹ̀ déédéé. Bí ara rẹ̀ bá yá, á gbé e lọ. Ẹni tí ìyá àgbà bá tọ́ dàgbà yóò tètè lóye èyí: ọmọ mọ ẹni tó bí i, ó sì mọ ẹni tó gbà á mọ́ra.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n kó lọ sí ilé alájà márùn-ún ní òpópónà West 122, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Hale House. Lọ́dún 1985, Ààrẹ Reagan dárúkọ rẹ̀ níwájú Ilé Aṣòfin, ó pè é ní akọni. Àwọn ọmọ tí àrùn AIDS bá jà náà rí ibi sùn níbẹ̀.

Ó kú ní December 18, 1992, ní ẹni ọdún 87. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ owó ba orúkọ ilé náà jẹ́: lọ́dún 2002, Lorraine, tó di ọ̀gá níbẹ̀, gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Ó dunni gan-an. Síbẹ̀, ní òpópónà 146, gáréèjì bọ́ọ̀sì ìjọba ń jẹ́ orúkọ Mother Clara Hale. Wọ́n wó o, wọ́n tún un kọ́, wọ́n ṣí i padà lọ́dún 2014, orúkọ náà ṣì wà lára rẹ̀.