Ibi Tí Ojú Kọ̀ǹpútà Wà Lè Fa Ìrora Ọrùn
Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ọrùn ń ro, láìmọ̀ pé ibi tí wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà sí lè wà lára ohun tó ń fà á.

Ó yẹ kí etí òkè rẹ̀ bá ẹyinjú ẹni dọ́gba, tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Kí ó sì jìnnà tó ìwọ̀n apá téèyàn nà. Bí ó bá kúrú, a lè fi ìwé tó nípọn gbé e ga. Ẹ̀gbẹ́ ni kí fèrèsé wà, kí ìtànṣán oòrùn má baà kọ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ wo ọ̀kánkán fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ìrora náà kò bá rọlẹ̀, kí ó tètè lọ rí dókítà.