Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ojú owó kì í ṣe owó ọbẹ̀

Ẹ̀yin abiyamọ ọ̀já gbọọrọ, ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ń fi òógùn ojú tọ́ ọmọ, ohun tí mo rí pé ó ń sọ ìsọ̀ di ahoro jù lọ kì í ṣe àìtà, bí kò ṣe pé owó ọjà àti owó ọbẹ̀ jọ ń sùn nínú àpò kan náà. Bí aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, bá ná 9,000 náírà sórí aṣọ funfun, aró àti láfún tí yóò fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ó sì tà á ní 12,000, 9,000 náà ni ojú owó; ti ọjà ni, ọjà ni yóò padà sí. Owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ yóò sì tún mú tiwọn nínú 3,000 tó kù; èyí tó bá ṣẹ́kù ni èrè, inú rẹ̀ ni owó ọbẹ̀ ti ń wá.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde sí i lálaalẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àwìn, àgàgà ti ìbátan, nítorí ojú a máa ti ènìyàn láti sìn ín. Inú èrè ni kí ẹ ti máa dá àjọ, bí ó ti wù kí ó kéré, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; nígbà tí ẹ bá sì kó o, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ra ọjà kún ọjà kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí.